Aṣọ Kọ́ Ni Ìtàn: Lórí Àwọn Ìwé Aláwòrán Tí A Ń Sọ Di Eré Amóhùnmáwòrán

Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa tí ọ̀pọ̀ àgbà ń fojú ọ̀rọ̀ ọmọdé wò. Òun ni ti àwọn ìwé ìtàn aláwòrán, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní kọ́míìkì, tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ di sinimá àti eré orí amóhùnmáwòrán. Bí irú eré bẹ́ẹ̀ bá ti jáde, àwọn tí wọ́n ti ka ìwé rẹ̀ a jókòó tì í bí ẹni tí ó ń ṣírò owó. Wọn a máa wò bóyá aṣọ tí akọni wọ̀ nínú ìwé náà ni ó wọ̀ nínú eré, bóyá irun rẹ̀ gùn tó bí ó ti yẹ, bóyá ilé tí ó ń gbé ní fèrèsé méjì tàbí mẹ́ta. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, wọn a ní eré náà dára. Bí kò bá bára mu, wọn a ní wọ́n ti ba ìwé jẹ́. A kò bá wọn wí nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ìwé, nítorí àwa náà fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni pé aṣọ kọ́ ni ìtàn, àti pé eré lè fi gbogbo ara jọ ìwé kí ìwé náà má sì sí nínú rẹ̀ rárá.

Ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ kan béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ló kan ìwé ìròhìn tí ń jà fún ire ìlú nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ń fò lójú sánmà. Ìdáhùn wa kò le. Láti ọdún 1938 tí Fágúnwà ti tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn iwin, ìtàn ọ̀rọ̀ àti ìtàn àwọn ẹ̀dá olórí púpọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní eré ọmọdé. Ohun tí iwin jẹ́ fún Fágúnwà ni ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì jẹ́ fún àwọn òǹkọ̀wé tí à ń wí yìí. Ọ̀nà ni wọ́n fi ń sọ òtítọ́ tí ó ṣòro láti sọ ní gbangba. Ẹni tí ó bá sì mọ ohun tí ojú aráyé ń rí yóò mọ̀ pé irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì tán.

Àṣà sísọ kọ́míìkì di eré kì í ṣe tuntun. Ọdún 1938 kan náà ni Superman kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ní Amẹ́ríkà, àti láti 1952 títí di 1958 ni wọ́n fi ṣe e lórí amóhùnmáwòrán. Ní oṣù kìíní ọdún 1966 ni ti Batman bẹ̀rẹ̀, ó sì di ọgọ́fà ìpín kí ó tó parí ní 1968. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ti Batman yẹn, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìwé rẹ̀ sì bínú títí. Ṣùgbọ́n a kò ní dúró pẹ́ lórí àwọn wọ̀nyí, nítorí eré ìdárayá ni wọ́n, wọn kò sì pe ara wọn ní ohun mìíràn.

Èyí tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Watchmen, nítorí ìwé kan náà ni, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn méjì tí wọ́n gbà á lọ́nà tí ó yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru. Alan Moore, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ ọ́. Dave Gibbons, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Apá méjìlá ni, ilé-iṣẹ́ DC sì tẹ̀ ẹ́ jáde láti 1986 dé 1987. Nínú rẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ìbòjú bo ojú, tí wọ́n ń jà fún ìlú, tí ìjọba sì wá ka iṣẹ́ wọn léèwọ̀. Amẹ́ríkà ti borí nínú ogun Vietnam, Richard Nixon, tí ó fi ipò sílẹ̀ ní ti gidi ní 1974, sì ṣì wà lórí àga ààrẹ ní 1985. Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn akọni náà ni ó ní agbára tí ó ju ti ènìyàn lọ, ẹni tí ìjàǹbá ilé-iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì sọ di aláwọ̀ aró, tí ń rí àná, òní àti ọ̀la lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn yòókù jẹ́ ènìyàn lásán, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n ti ń dàgbà, inú ọ̀kan ti yọ síta, ọ̀kan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ọ̀kan nínú wọn, ọlọ́rọ̀ tí a gbà pé ó gbọ́n ju gbogbo ayé lọ, fi ẹ̀dá abàmì kan pa àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ní New York, kí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà lè rò pé ọ̀tá ti ayé mìíràn wá, kí wọ́n sì gbàgbé ogun bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n fẹ́ bá ara wọn jà.

Ìbéèrè tí ìwé yìí ń bi òǹkàwé kò ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá gbé agbára lé ẹnì kan lọ́wọ́ pé kí ó máa ṣọ́ wa, tí a sì gbà fún un kí ó bo ojú rẹ̀, ta ni yóò máa ṣọ́ òun náà? Gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni ó ń ti ìbéèrè yìí lẹ́yìn. Àní ìjà inú rẹ̀ pàápàá kì í pẹ́, kì í sì dára wò: eegun a kán, ẹ̀jẹ̀ a dà, a ó sì rí i pé ẹni tí a ń pè ní akọni gbádùn ohun tí ó ṣe ju bí ó ti yẹ lọ.

Ní 2009 ni Zack Snyder ṣe é ní sinimá. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọkùnrin yìí kò ka ìwé náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojú-ewé ni ó tẹ́ síwájú rẹ̀ tí ó sì ń ya àwòrán tẹ̀lé àwòrán: ìdúró àwọn ènìyàn, iná ojú títì, bọ́tìnì aláwọ̀ pupa-rúsúrúsú tí ẹ̀jẹ̀ kán lé, gbogbo rẹ̀ pé. Àwọn olùfẹ́ ìwé náà tí wọ́n bínú sí i, nítorí ẹ̀dá abàmì ìkẹyìn ni wọ́n ṣe bínú, èyí tí ó yọ kúrò tí ó sì fi agbára aláwọ̀ aró nì rọ́pò rẹ̀. Lójú tiwa, èyí ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ó kéré jù lọ nínú sinimá náà. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá rẹ̀ ni pé ó sọ ìjà di ijó. Ó fa ìlù ìjà gùn, ó mú kí ẹsẹ̀ àti ìkúùkù máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kí ojú wa lè jẹ wọ́n bí ẹni jẹ oyin. Ìwé tí ó ní kí a bẹ̀rù àwọn alágbára oníbòjú wá di sinimá tí ó ní kí a kókìkí wọn. Wọ́n gbé aṣọ wá láìfi bọ́tìnì kan sílẹ̀, ẹni tí ó yẹ kí ó wà nínú aṣọ ni a kò rí.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju bí ó ti lè yé ọ̀pọ̀ ìran mìíràn lọ, nítorí ọmọ alálọ̀ọ́ ni wá. Ìyá mẹ́ta lè pa àlọ́ Ìjàpá kan náà ní agboolé kan náà lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ti ọ̀kan wáyé lóko, kí ti èkejì wáyé lọ́jà, kí orin ẹ̀kẹta sì gùn ju ti àwọn méjì yòókù lọ, ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé wọ́n ba àlọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá pa á tí Ìjàpá fi di ẹni tí ó yẹ kí a máa wárí fún nítorí olè tí ó jà, àwọn ọmọdé gan-an ni yóò kígbe lé e lórí. A ti rí irú rẹ̀ lórí ìtàgé náà. Ìwé tí Amos Tutuola fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa ọ̀mu ẹmu, tí ó jáde ní 1952, ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ di eré olórin ní èdè Yorùbá ní 1963, tí a mọ̀ sí Ọ̀mùtí. Nínú ìwé, ọkùnrin náà rìnrìn àjò lọ sí ìlú àwọn òkú ní tòótọ́. Nínú eré Ògúnmọ́lá, àlá ni ó lá. Ìyípadà ńlá gbáà ni, síbẹ̀ àwọn bàbá wa tí wọ́n wò ó kò ní kí wọ́n dá owó wọn padà. Wọ́n mọ Láńké bí wọ́n ti rí i, wọ́n sì mọ ìyà tí ó wà nínú kí ènìyàn pàdánù ohun tí ó fẹ́ràn títí tí yóò fi wá a dé ọ̀run.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán HBO bẹ̀rẹ̀ sí gbé Watchmen mìíràn jáde, ìpín mẹ́sàn-án péré. Damon Lindelof ni olórí àwọn tí ó kọ ọ́. Èyí kò tilẹ̀ tún ìtàn inú ìwé sọ. Ó gbà pé gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé ti ṣẹlẹ̀ kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Moore kò dárúkọ rárá: ìlú Tulsa ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, ní 1921.

A fẹ́ kí àwọn olùkọ́ dúró díẹ̀ lórí ọdún yẹn. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún àti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1921, lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀sùn kan ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan pé ó fọwọ́ kan ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun, ọ̀wọ́ àwọn aláwọ̀ funfun ya wọ àdúgbò Greenwood, níbi tí àwọn adúláwọ̀ ti kọ́ ilé, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìtajà, ilé ìwòsàn àti ilé sinimá tiwọn. Wọ́n dáná sun ún. Nǹkan bí òpó ilé márùndínlógójì ni ó jóná, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni kò sì ní ilé mọ́. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oklahoma gbé kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀ kò jábọ̀ títí di 2001, àwọn òpìtàn sì gbà pé iye àwọn tí ó kú lè tó ọ̀ọ́dúnrún. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni a kò fi ìtàn yìí kọ́ àwọn ọmọ, àní àwọn tí wọ́n dàgbà ní Tulsa gan-an. Nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ni ó jẹ́wọ́ pé àròsọ ni àwọn kọ́kọ́ pè é. Ẹ gbọ́ bí ayé ti rí: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni wọ́n pè ní àròsọ, kọ́míìkì ni ó sì wá sọ òtítọ́ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí wọ́n ti so Tulsa mọ́ ìwé náà, nítorí níbẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Nínú ìwé Moore, oníbòjú àkọ́kọ́ nínú gbogbo wọn ni ẹnì kan tí ó fi àpò bo orí, tí ó sì so okùn ìgbékọ́ mọ́ ọrùn. Ìwé náà kò sọ ẹni tí ó jẹ́ fún wa ní àsọyé. Ó mẹ́nu kan ẹnì kan, ó sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn òǹkàwé fi wo okùn yẹn gẹ́gẹ́ bí ọ̀ṣọ́. Lindelof àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá béèrè ohun tí ó yẹ kí gbogbo wa ti béèrè: ní Amẹ́ríkà, ọrùn ta ni okùn máa ń wà? Wọ́n fi ọmọdékùnrin kan hàn wá nínú ilé sinimá ní Greenwood, tí ń wo àwòrán Bass Reeves, adúláwọ̀ tí ó jẹ́ agbófinró ní ti gidi ní ilẹ̀ náà láyé àtijọ́. Iná sọ, àwọn òbí rẹ̀ fi í ránṣẹ́ jáde kúrò ní ìlú tí ń jó, gẹ́gẹ́ bí àwọn òbí Superman ti fi ọmọ wọn ránṣẹ́ kúrò nínú ayé tí ń bàjẹ́. Ọmọ náà dàgbà, ó di ọlọ́pàá ní New York. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, aláwọ̀ funfun, mú un lóru, wọ́n fi àpò bò ó lórí, wọ́n gbé e kọ́ igi, wọ́n sì tún já okùn kí ó tó kú, kí ó lè mọ̀ pé kí ó má ṣe wádìí ohun tí ó ń wádìí. Bí ó ti ń lọ sílé pẹ̀lú okùn lọ́rùn ni ó bá àwọn olè tí ń lu ènìyàn lójú ọ̀nà. Ó fa àpò náà bo orí, ó sì gbà wọ́n. Báyìí ni akọni oníbòjú àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ jáde, a máa kun àyíká ojú rẹ̀ ní ẹfun kí àwọn tí ó ń gbà là má baà mọ̀ pé dúdú ni ẹni tí ó wà nínú àpò.

Kò sí àwòrán kan nínú ìwé tí wọ́n yí padà níbẹ̀. Okùn náà ni, àpò náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ìpín kẹfà eré yìí tán, tí ó sì padà lọ ṣí ìwé, kò ní lè rí okùn yẹn mọ́ bí ó ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Òun ni à ń pè ní kí a tẹ̀lé ìwé. Lindelof àti Cord Jefferson gba àmì ẹ̀yẹ Emmy ní 2020 fún ìpín yìí tí wọ́n kọ. Regina King, tí ó ṣe ọlọ́pàá obìnrin Angela Abar, gba tirẹ̀. Mọ́kànlá ni eré náà sì gbà lápapọ̀ lọ́dún náà. A kì í fi iye àmì ẹ̀yẹ mọ eré rere, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fún ẹni tí ó tọ́, kí a sọ ọ́.

Apá tí ó jẹ mọ́ sáyẹ́ǹsì tún wà tí ó wù wá púpọ̀. Wọ́n ní àwọn oníṣègùn ti rí ọ̀nà láti fi ìrántí ènìyàn sínú oògùn oníhóró. Angela gbé odidi ìgò kan mì, èyí tí ó jẹ́ ti bàbá àgbà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rí ohun tí bàbá náà rí, ó ń jẹ ìyà rẹ̀ ní ara tirẹ̀. Òun ni ọmọ ọmọ ẹni tí wọ́n gbé kọ́ igi. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìran tí wọn kò sọ ìtàn rẹ̀ fún ni ó ń lo oògùn kí ó tó mọ ẹni tí ó bí i. Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré, kí wọ́n tó tún wá pàṣẹ pé kí ó padà. Àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó sí kíláàsì láàárín ọdún wọnnì ti di géńdé nísinsìnyí, wọ́n ń dìbò, àwọn kan nínú wọn sì ti di olùkọ́. Èwo ni oògùn tiwọn?

Àti ọ̀rọ̀ ìbòjú náà. Nínú eré yìí, àwọn ọlọ́pàá Tulsa ni ó ń bo ojú, nítorí pé àwọn apániláyà kan ti ká wọn mọ́lé lóru ọjọ́ kan, wọ́n sì pa wọ́n. Ìdí náà múná dóko. Síbẹ̀ eré náà kò dẹ́kun láti fi hàn wá bí ọwọ́ ẹni tí a kò rí ojú rẹ̀ ti máa ń yá sí ìlù. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn ọjọ́ tí eré náà bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ni àwọn ọmọ ogun yìnbọn ní Lekki níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fẹ̀hónú hàn lòdì sí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń dá ènìyàn dúró láìwọ aṣọ ọlọ́pàá. Yorùbá mọ̀ pé a kì í béèrè ẹni tí ó wà nínú agọ̀ eégún, ṣùgbọ́n eégún ní atọ́kùn, ó ní agbo ilé tí ó ti jáde, ó sì ní ọjọ́ tí yóò wọlé. Oníbòjú tí kò ní atọ́kùn ni ìwé Watchmen ń bẹ̀rù, àwa náà sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń bá wa ṣe ètò ààbò ilẹ̀ Yorùbá yóò ṣe dáadáa bí wọ́n bá wò ó.

Eré náà ní àbùkù tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Vietnam dùn wá. Eré náà gbà pé Amẹ́ríkà ti sọ orílẹ̀-èdè yẹn di ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ó fi ìkannú àwọn tí a ṣẹ́gun hàn wá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì yára sáré kọjá bí ẹni tí kò fẹ́ kí a bi òun léèrè. Obìnrin Vietnam tí ó gbọ́n jù nínú eré náà, Lady Trieu, ni wọ́n sì wá sọ di ọ̀tá ní ìkẹyìn, láìjẹ́ kí a gbọ́ ẹnu rẹ̀ tó. Eré tí ó mọ ìyà adúláwọ̀ Tulsa dé ọ̀gbun ọkàn, kò yẹ kí ìyà ẹlòmíràn jẹ́ ọ̀ṣọ́ lójú rẹ̀. Ìpín ìkẹyìn pẹ̀lú yára jù. Wọ́n dì í bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ lọ.

Alan Moore fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ọ̀kankan nínú wọn. Kò jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun sí sinimá, kò sì jẹ́ kí wọ́n fi sí eré amóhùnmáwòrán. Orúkọ Gibbons nìkan ni ènìyàn ń rí níbẹ̀. Àwọn kan ní agídí arúgbó ni. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá DC ṣe àdéhùn, ohun tí a kọ síbẹ̀ ni pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà bá dẹ́kun títẹ ìwé náà fún àkókò kan, ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣe é. Ìwé náà tà tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi dẹ́kun títẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ náà títí di òní. Kò sí òfin tí wọ́n rú. Àṣeyọrí ìwé náà gan-an ni kò jẹ́ kí ó padà sọ́wọ́ àwọn tí ó ni í. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn olùkọ́ wa tí ó bá ti kọ ìwé kíkà fún ilé-ìwé rí, tí ó sì ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láìkà á tán, yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ni.

Bóyá àwọn òǹkàwé wa kò mọ̀ pé ọwọ́ Gibbons tí ó ya Watchmen ti kọ́kọ́ yàwòrán fún wa. Ní 1975, kí ó tó di olókìkí, òun àti Brian Bolland ń ya kọ́míìkì kan tí a ń pè ní Powerman, tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè tà á ní Nàìjíríà. Akọni adúláwọ̀ ni Powerman, ó ń fò, ó sì lágbára púpọ̀. Oró ejò nìkan ni ó lè dá a wólẹ̀. Ejò! Nínú gbogbo ohun tí ó lè ṣẹ́gun ènìyàn ní Nàìjíríà ní 1975, ejò ni wọ́n rántí. A kò fi èyí bú Gibbons, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni ó ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ó ti jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú sinimá 2009: àwọ̀ ara wa wà níbẹ̀, ìlú wa wà níbẹ̀, àwa gan-an kò sí níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn sí Ìyanu. Roye Okupe, ọmọ wa tí ó dàgbà ní Èkó kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó dá ìtàn náà sílẹ̀. Godwin Akpan ni ó ya àwòrán rẹ̀. Dark Horse sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 2021. Kí ó tó dé ibẹ̀, Okupe ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ kọ́míìkì mìíràn jáde láti 2015, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni Ìyanu di eré alákùn-ún-yà lórí amóhùnmáwòrán Cartoon Network ní Amẹ́ríkà, Okupe fúnra rẹ̀ sì ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà. Ọmọ òrukàn ni Ìyanu, ó fẹ́ràn ìwé, ó ń gbé lẹ́yìn odi ìlú, agbára kan tí kò mọ ibi tí ó ti wá sì jí nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n yí ìwé padà wà, nítorí ìpín eré kò rí bí orí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ìtàn ni ó ń yí i, ó sì mọ èyí tí a lè gé àti èyí tí a kò lè gé. Odi ìlú inú rẹ̀ kì í ṣe odi lásán. Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú yóò dá a mọ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é ní ìpìlẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé a ti sọ tẹ́lẹ̀ pé aṣọ kọ́ ni ìtàn, pé aṣọ ni èdè pẹ̀lú, kí ló wá kù? A kò gbà. Nínú ìtàn tiwa, ọ̀rọ̀ ẹnu ni agbára. Ọdẹ Fágúnwà kò ní ìbọn tí ó tó ọfọ̀, ẹni tí a bá sì ki oríkì rẹ̀, orí rẹ̀ a wú, yóò ṣe ohun tí kò lè ṣe lánàá. Akọni Amẹ́ríkà lè lágbára láìsọ̀rọ̀. Tiwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ògúnmọ́lá gba ìtàn Tutuola láti inú Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì fi Yorùbá kọ ọ́ ní orin, kì í ṣe aṣọ ni ó pààrọ̀, ohùn rẹ̀ ni ó dá padà fún un.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Ìbàdàn, èyí tí ó di NTA Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lára ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Lónìí, gbogbo ìpínlẹ̀ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó ní ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tirẹ̀, èyí tí owó ìlú ń bọ́, ọ̀pọ̀ wákàtí nínú ọjọ́ wọn sì ń lọ sórí àpéjọ òṣèlú àti ìkíni ọjọ́ ìbí. A ń rọ àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ìròhìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọn yóò gbọ́, kí wọ́n da owó pọ̀, kí wọ́n ra ẹ̀tọ́ láti fi ohùn Yorùbá gbé Ìyanu jáde fún àwọn ọmọ wa. Àwọn òṣèré tí yóò sọ ọ́ wà ní Ìbàdàn, wọ́n wà ní Òṣogbo, wọ́n wà ní Abẹ́òkúta. Àwọn olùkọ́ tí yóò tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ kí ọfọ̀ inú rẹ̀ lè jẹ́ ọfọ̀ wà ní gbogbo kọ́lẹ́jì ẹ̀kọ́ tí a ní. Ẹni tí ó ni ìtàn náà sì jẹ́ ọmọ ilé wa, tí a lè kọ lẹ́tà sí.